Ilà Ojú Jẹjẹrẹ Ọmú: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣà kan ti ń fìdí múlẹ̀ láàrin wa díẹ̀díẹ̀, tí ó sì yẹ kí àwọn àgbà ìlú tètè dá sí kí ó tó di ohun tí apá kò ní ká mọ́: bí obìnrin bá ń wẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kan ní ọmú, tí ó sì láyà tó láti sọ ọ́ síta, ohun àkọ́kọ́ tí ará ilé àti ará ọjà yóò sọ fún un ni pé kí ó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ; yóò wá owó, yóò lọ, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọn yóò kọ nọ́ńbà kan sórí ìwé fún un, bí nọ́ńbà náà bá sì kéré, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, yóò fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀ àpótí, yóò sì padà sí ìdí ọjà rẹ̀ pẹ̀lú kókó náà ní àyà. Láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ìwé náà kò sọ ohun kan fún un nípa kókó ọmú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ bóyá kókó ọmú jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí kò jẹ́; ẹran ara kókó náà gan-an ni ó ń sọ ọ́, òun náà ni ó sì ń sọ irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́ àti oògùn tí ó lè ràn án, bí a bá mú ẹran ara náà bí ó ti yẹ kí a mú un. Ìdí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí sí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kí a fi ẹnu wẹ́rẹ́ sọ ọ́. Ìfojúdá tí àjọ àgbáyé fún ìwádìí jẹjẹrẹ, tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣe fún ọdún 2020 ni pé obìnrin 28,380 ni jẹjẹrẹ ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára wọn ní Nàìjíríà láàrin ọdún kan ṣoṣo náà, àti pé ẹ̀mí 14,274 ni ó bá àrùn yìí lọ láàrin ọdún kan náà; ẹni tí ó bá gbé èkejì lé orí èkíní yóò rí i pé ìdajì gééré ni. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá dá àìsàn mọ̀ títí tí ó fi di ikú mọ́ wa lọ́wọ́, kí ni a ó wá wò? Ẹni tí ń ta ẹlùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán, ẹni tí ń yan gààrí ní ẹ̀yìn odi Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ wa, ìyá arúgbó tí kò jáde nílé mọ́, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó tilẹ̀ kan àwa ọkùnrin, nítorí jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú ọkùnrin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa, nítorí a kì í dá ẹjọ́ ẹnìkan láìgbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Àwọn èròjà kan wà tí kókó jẹjẹrẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, tí ẹ̀rọ sì lè kà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù fún ọmú ni CA 15-3, tí ó jẹ́ ìpín kan lára èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní MUC1, èyí tí ó wà lára ọmú tí kò ní àrùn kankan pàápàá. Òmíràn ni CEA, tí Phil Gold àti Samuel Freedman ṣàwárí ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà ní 1965, tí ó sì jẹ́ pé lára jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe lára ti ọmú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí kókó ṣì kéré, tí kò tíì kúrò ní ọmú, ìyẹn ìgbà tí ọ̀bẹ àti oògùn ṣì lè wò ó sàn pátápátá, ohun tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà tó ohun tí ẹ̀rọ lè yà sọ́tọ̀, nọ́ńbà CA 15-3 yóò sì dúró sí abẹ́ nǹkan bí 30 tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò fi ṣe ààlà, bí ẹni pé àlàáfíà ni ohun gbogbo wà. Bí ó ti ń fi ti jẹjẹrẹ pamọ́ ni ó tún lè fi ẹ̀sùn kan aláìmọwọ́mẹsẹ̀: ẹ̀dọ̀ tí ń ṣàìsàn lè gbé nọ́ńbà náà sókè láìsí jẹjẹrẹ níbì kankan, àìsàn jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀ kò sì ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa, kókó ọmú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè gbé e sókè, CEA ní tirẹ̀ a máa ga lára ẹni tí ń mu sìgá. Nítorí náà obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ lè gba ìwé tí ó ní ara rẹ̀ dá, ẹni tí kò sì ní in lè gba ìwé tí kò ní jẹ́ kí oorun kun ojú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ti pẹ́ tí ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ti sọ pé kí a má ṣe fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí wá jẹjẹrẹ ọmú lára ẹni tí a kò tíì mọ̀ pé ó ní in.

Síbẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ibi tí ó ti wúlò, kí n má baà pa irọ́ mọ́ ọn. Obìnrin tí ẹran ara ti fi ìdí jẹjẹrẹ rẹ̀ múlẹ̀, tí jẹjẹrẹ náà sì ti gba ọmú kọjá lọ sí egungun tàbí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tí CA 15-3 rẹ̀ sì ga nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, lè máa ṣe àyẹ̀wò yìí láti ìgbà dé ìgbà kí dókítà lè mọ̀ bóyá oògùn ń bá a lára mu. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí, ọ̀kan nínú àwọn ojú náà sì ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní òfin. Yàrá àyẹ̀wò kan náà ni kí ó máa lò, nítorí ẹ̀rọ ilé kan kì í ka nọ́ńbà bí ti ilé kejì. Kí ọkàn rẹ̀ má ṣe dà rú bí nọ́ńbà náà bá ga ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, nítorí ó lè ga nígbà náà gan-an tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pààrọ̀ oògùn rẹ̀ nítorí nọ́ńbà nìkan, láìjẹ́ pé ara aláìsàn fúnra rẹ̀ àti àwòrán inú ara jẹ́rìí sí i. Ní òkè òkun wọ́n ti ń lọ síwájú ju èyí lọ, tí wọ́n ń wá àfọ́kù DNA tí jẹjẹrẹ ń fọ́n sínú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kan láti fi mọ àwọn tí oògùn elacestrant tọ́ sí láàrin àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká. Iṣẹ́ ìyanu ni, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹran ara: àwọn tí a ń ṣe é fún níbẹ̀, ẹran ara wọn ni a kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a ń kó ọmọ ènìyàn láti ìlú dé ìlú, tí ọmọ kékeré kò sì lè sọ orúkọ baba tí ó bí i, ilà ojú ni a fi ń dá ọmọ mọ̀: a rí àbàjà, a rí gọ̀mbọ́, a rí pélé, a sì mọ ìdílé tí ó ti wá àti ẹni tí a lè ránṣẹ́ sí nítorí rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú náà ní ilà, mẹ́ta sì ni a kọ́kọ́ ń wò nínú wọn: ER, PR àti HER2. ER ni èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí ń di ẹ́sítírójìn mú, tí ẹ́sítírójìn náà, tí í ṣe họ́mónù obìnrin, sì fi ń bọ́ jẹjẹrẹ. PR ń ṣe bákan náà pẹ̀lú họ́mónù kejì tí ń gbé oyún ró. HER2 wà ní ara awọ sẹ́ẹ̀lì, bí ó bá sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì sinmi àtidi púpọ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin méjì lè jókòó sórí àga kan náà ní ilé ìwòsàn kan náà, kí kókó wọn tóbi bákan náà, kí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọgbọọgba, kí ó sì jẹ́ pé oògùn tí yóò gba ọ̀kan là kò ní ṣe èkejì ní oore kankan, nítorí ilà wọn yàtọ̀ síra.

Ọ̀nà tí ayé gbà mọ èyí jìn. Ní 1896, George Beatson, oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, sọ bí òun ti yọ ilé-ẹyin obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti burú, tí kókó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣe é fún àwọn mìíràn, ó ran díẹ̀ lọ́wọ́, kò ran èyí tí ó pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, títí Elwood Jensen ní Yunifásítì Chicago fi fi ER han ayé ní 1958. Láti ibẹ̀ ni a ti wá mọ ẹni tí tamoxifen, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1977, yóò ràn. Oògùn oníhóró ni, tí a ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, tí kò sì wọ́n bí àwọn ọmọ ìkẹyìn rẹ̀. Lára obìnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ní ER, ó ń dín ikú jẹjẹrẹ ọmú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n lára ẹni tí kò ní ER, asán ni. Ní 1987 Dennis Slamon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jẹjẹrẹ tí HER2 rẹ̀ pọ̀ jù ń yára pa ènìyàn; ní 1998 a ti rí oògùn tí ń dojú kọ HER2 náà, trastuzumab, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Herceptin, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣaláìní ní 2015.

Irú kan wà tí kò ní ọ̀kankan nínú ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ER kò sí, PR kò sí, HER2 kò pọ̀. Tamoxifen kò ràn án, Herceptin kò ràn án, oògùn líle tí a ń pè ní kẹ́mó ni a gbójú lé jù fún un, ó sì máa ń mú àwọn tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé, ọmọ wa tí ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, tí ó sì di ọ̀gá nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ ní Chicago, ìlú kan náà tí Jensen ti ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ayé mọ̀ pé irú yìí pọ̀ lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú; iṣẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2005. Ní 2009 òun àti Dezheng Huo pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gàl: nínú ọgọ́rùn-ún, 24 péré ni ó ní ER. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, 2008, Clement Adébámọ̀wọ́ àti àwọn tirẹ̀ ti tẹ ìwádìí tiwọn jáde láti Ìbàdàn lórí obìnrin 192, wọ́n sì ní 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ER.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà méjì wọ̀nyí, 24 àti 65, nítorí inú àlàfo tí ó wà láàrin wọn ni ẹ̀mí àwọn ìyá wa wà. Bí ó bá jẹ́ 24 ni òótọ́, a jẹ́ pé tamoxifen kò ní ohun púpọ̀ tí yóò ṣe fún wa. Bí ó bá jẹ́ 65, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ni oògùn tí kò wọ́n yìí lè dá ẹ̀mí wọn sí, tí a kò sì fún wọn. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe òpùrọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n wò kì í sì í ṣe àwọn kan náà, ìyàtọ̀ lè ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ní 2014, Amanda Eng, Valerie McCormack àti Isabel dos-Santos-Silva kó irú ìwádìí báyìí jọ láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì rí ohun kan tí ó yẹ kí a kọ sí ara ògiri yàrá iṣẹ́ abẹ gbogbo: níbi tí a bá ti lo ẹran ara tí ó ti pẹ́ ní ìpamọ́, ER tí a ń rí fi nǹkan bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ibi tí a ti mú ẹran ara fún iṣẹ́ náà gan-an, tí a sì tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilà náà lè wà lójú ọmọ, kí a sì pa á rẹ́ kí ẹni tí yóò wò ó tó dé.

Báwo ni a ṣe ń pa á rẹ́? Ẹran ara tí a gé kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Láti ìṣẹ́jú tí ó ti kúrò lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láti inú wá. Ìdí nìyí tí ìlànà àgbáyé fi sọ pé kí ó wọ inú fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, láàrin wákàtí kan, kí fọ́málìn náà jẹ́ ìpín 10 nínú 100 tí a ti pò mọ́ ohun tí kì í jẹ́ kí ó kan, kí ó sì pọ̀ tó láti bo ẹran náà bámúbámú, kí ẹran náà má lò dín ní wákàtí 6 nínú rẹ̀, kí ó má sì ju 72 lọ. Bí a bá gé odindi ọmú, tí a jù ú sínú ike láìlà á sí wẹ́wẹ́, fọ́málìn kò ní dé àárín, àárín ibẹ̀ sì ni kókó wà. Bí a bá fún ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ aláìsàn ní bọ́tìlì kí ó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí ó kọ́kọ́ lọ wá owó, tí ọjọ́ Àìkú sì bá a lójú ọ̀nà, tí ó sì jẹ́ pé omi lásán tàbí omi iyọ̀ ni ó wà nínú bọ́tìlì náà, ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ti di òkú kí a tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn fọ́málìn, a ó fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ jáde, a ó fi ìda bò ó títí yóò fi di odindi kan nínú ìda, a ó wá fi abẹ gé e ní pẹlẹbẹ tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́nà púpọ̀, a ó da èròjà kan sí i tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn bí kò ṣe ER nìkan, ibi tí ó bá sì lẹ̀ mọ́ yóò pọ́n dúdú-rúsúrúsú lábẹ́ awò. Bí ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì bá pọ́n bẹ́ẹ̀, ER wà nìyẹn, ó sì tọ́ kí dókítà ro tamoxifen tàbí irú rẹ̀ sí i. Ti HER2 ní ìwọ̀n láti 0 dé 3: 3 ni ó dájú, 2 sì ń béèrè àyẹ̀wò kejì kí a tó dá ẹjọ́. Ẹ rí i pé láti tábìlì iṣẹ́ abẹ dé abẹ́ awò, ọwọ́ púpọ̀ ni ẹran ara yìí kọjá, dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹbí, awakọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, bí ọ̀kan ṣoṣo bá sì jáfara, ìwé yóò jáde, yóò ní òǹtẹ̀, yóò ní ọwọ́ ẹni tí ó buwọ́ lù ú, yóò sì sọ pé kò sí ER níbi tí ER wà. Bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Obìnrin tí a kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ni a ó sọ fún pé tamoxifen kò tọ́ sí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé pé ó tọ́ sí i.

Èyí ni mo ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí lọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tààrà. Ìlú yìí kì í ṣe ìlú tí ìmọ̀ ìwòsàn ṣàjèjì sí: láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀ fún ìjọ Onítẹ̀bọmi, ilé ìwòsàn Bàtíìsì ti gba ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀mí là, ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní 2009, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sì wà nínú ìlú kan náà. Ìlú mélòó ní Nàìjíríà tí kì í ṣe olú-ìlú ni ó ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì? Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí àwọn méjèèjì jọ jókòó, kí wọ́n jọ gbé tábìlì kan kalẹ̀ fún ilà mẹ́ta yìí, kí ó jẹ́ ọ̀kan tí a ń lò lójoojúmọ́ tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ọn lára, nítorí àyẹ̀wò tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù kì í péye bí èyí tí a ń ṣe lójoojúmọ́, èròjà rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ kí a tó lò ó tán. Ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, níbi tí a ní ilé ìwòsàn ìjọba, àyẹ̀wò náà kò dandan kí ó wà nínú ìlú. Ohun tí ó di dandan ni kí fọ́málìn tí ó péye wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án lóru, kí a kọ wákàtí tí ẹran ara wọ inú rẹ̀ sí ara bọ́tìlì, kí ọkọ̀ kan sì wà tí ń gbé àwọn bọ́tìlì lọ ní ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan: bí Ọ̀yọ́ bá kọ́kọ́ ṣe é, Ìṣẹ́yìn yóò ṣe é, Ṣakí yóò ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí ẹran ara máa rìn, kí ènìyàn dúró sílé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, tí ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti 1962, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 100, gbogbo wa ni a sì mọ irú ọ̀nà tí ó jẹ́ láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ àti iye ẹ̀mí tí ó ti gbà. Kí ni ìdí tí obìnrin tí ara rẹ̀ kò dá yóò fi máa gun ọkọ̀ lọ, gun ọkọ̀ bọ̀, fún ohun tí ó lè wọ inú àpò? Ẹran ara tí a ti fi ìda bò kò nílò yìnyín, kò nílò iná mànàmáná, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́, ìyẹn sì ni pé bí oògùn tuntun bá jáde lọ́la tí ó ń béèrè ilà kẹrin, a lè padà sí ìda náà láìfi abẹ́rẹ́ kan ara obìnrin náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí tí ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ná an sórí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi, tí kò sì kù tó èyí tí yóò fi gba ẹran ara àti ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Dókítà tí ó mọ èyí tí kò sì sọ fún wọn kí wọ́n tó ná an, ó jẹ wọ́n ní gbèsè. OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa, ni ó yẹ kí ó rí i dájú pé kò sí obìnrin tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí a ó gé ọmú rẹ̀ láìka ilà mẹ́ta yìí, nítorí iye tí ìlú ń pàdánù lórí oògùn tí kò tọ́ sí ẹni tí a fún ju owó àyẹ̀wò náà lọ fíìfíì. Ìjọba àpapọ̀ ti bá ilé iṣẹ́ oògùn Roche ṣe àdéhùn nípasẹ̀ NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè, láti bá àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ní HER2 gbé lára owó oògùn. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ka HER2 rẹ̀ kò lè jẹ nínú oore náà, bí ó ti wù kí oore náà pọ̀ tó.

Ilà kan tún wà tí a ń jogún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ní 2018, àwọn tí wọ́n ń bá Ọlọ́padé ṣiṣẹ́ wo obìnrin 1,136 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ní Ìbàdàn, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́jọ ni ó jogún àléébù nínú jíìnì BRCA1, BRCA2, PALB2 tàbí TP53. Èyí kì í ṣe èpè, kì í ṣe ayé, kì í ṣe ìyá ọkọ. Bí ìyá àti àbúrò ìyá bá ti ní in, kí ọmọbìnrin ilé náà tètè bẹ̀rẹ̀ sí fi ara rẹ̀ han dókítà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ̀ láti fẹ́ ẹ nítorí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá kan kókó, yóò bínú, yóò sì fọ́n káàkiri. Abẹ́rẹ́ oníhò tí a fi ń mú ẹran ara, tí a ti fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kí a tó gún un, kò sí ẹ̀rí pé ó ń sọ jẹjẹrẹ di èyí tí ń tàn ká. Ọjọ́ tí ń gorí ọjọ́ ni ó ń tàn án ká, obìnrin tí ó fi ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ dúró ní oṣù mẹ́fà tí kókó náà fi wá dá egbò sí i lára, tí ó wá gba abẹ́rẹ́ náà nígbà náà, yóò sọ pé abẹ́rẹ́ ni ó fà á, àwọn aládùúgbò yóò sì gbà á gbọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin wòlíì wa, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin àáfáà, ẹ̀yin oníṣègùn tí a bá lára ìran yín, àwọn ìyá wa ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ju bí wọ́n ti ń gbọ́ ti dókítà lọ: ẹ gbàdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́la, kí ẹ tún bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ bóyá wọ́n lọ.

Obìnrin tí ó bá sì ti ṣe é, kí òun tàbí ẹni tí ó tẹ̀lé e béèrè ìwé tí a kọ ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, kì í ṣe ìwé tí ó kàn ní jẹjẹrẹ ni, kí iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ER àti PR jẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ìwọ̀n HER2 wà nínú rẹ̀ láti 0 dé 3, kí wákàtí tí ẹran ara náà lò nínú fọ́málìn wà níbẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, bí ìwé náà bá sì sọ pé kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ̀rí sì wà pé a kò tọ́jú ẹran ara náà dáadáa, kí wọ́n ní kí a tún un wò. Kí wọ́n sì béèrè ìda náà pẹ̀lú. Ara wọn ni ó ti wá, owó wọn ni a fi ṣe é, ó sì tọ́ kí ó lè bá wọn dé Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí ibikíbi tí ìtọ́jú bá gbé wọn lọ.